Kámẹ́rà DSLR wo ni ká rà fún iṣẹ́ òde ní Òṣogbo? Ẹ bá wa dá sí i

Àrẹ̀mú_ÒkèFìà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ fọ́tò. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ ra kámẹ́rà DSLR kan (èyí tó ní dígí nínú, tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀) fún òde: ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, àti ọdún Ọ̀ṣun bí a bá rí oṣù kẹjọ láyọ̀. Apá wa ò ká tuntun, tòkunbọ̀ là ń wò. Gbogbo ẹni tó ń tà á, megapixel ló fi ń polówó. Kí ló yẹ ká wò gan-an? Canon ni àbí Nikon? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún wa.

Bàbá_Lẹ́ńsì
Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ megapixel kúrò nílẹ̀. Píksẹ́lì ni àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò; megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan rẹ̀. Kámẹ́rà 24 megapixel ń ya fọ́tò tó jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan, bó ṣe yẹ kí fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù rí, ó tó ínṣì 20 sí 13. Kámẹ́rà 18 megapixel tó ti pẹ́ náà tó ínṣì 17 sí 11 àbọ̀. Fọ́tò ńlá tí wọ́n ń kọ́ sí pálọ̀, ínṣì 36 sí 24, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Píksẹ́lì 166 sí ínṣì kan gbé e dáadáa. Ìyókù, orí WhatsApp ni wọ́n ń lọ, WhatsApp á sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi megapixel yan kámẹ́rà.

Ohun tí ẹ ó máa bá jà ní òde ni òkùnkùn. Gbọ̀ngàn tí iná aláwọ̀ ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, abẹ́ kánópì nírọ̀lẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì tí fèrèsé rẹ̀ kéré, abẹ́ igi nínú igbó Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ohun mẹ́ta ló lè gbà yín níbẹ̀: bí sẹ́ńsọ̀ (awo inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ṣe tóbi tó, bí ojú lẹ́ńsì ṣe lè là tó, àti fíláàṣì tí orí rẹ̀ ṣeé yí sókè.

Sẹ́ńsọ̀ full frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. Èyí tí à ń pè ní crop, ti Nikon jẹ́ 23.5 sí 15.6, ti Canon jẹ́ 22.3 sí 14.9. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé full frame lé ní ìlọ́po méjì crop. Sẹ́ńsọ̀ tó tóbi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ bí agbada ṣe ń gba òjò ju abọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bọ́dì rẹ̀ (kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì) wọ́n, lẹ́ńsì rẹ̀ sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi crop jẹun dáadáa.

Bí owó yín bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ má fi ju márùn-ún lọ ra bọ́dì. Ẹ fi mẹ́ta ra lẹ́ńsì, kí méjì tó kù lọ sórí fíláàṣì, bátìrì kejì àti mẹ́mórì. Ẹni tó kó gbogbo owó lé bọ́dì, tó wá ń lo lẹ́ńsì tó bá a wá, fọ́tò rẹ̀ á máa dúdú, á sì máa rò pé kámẹ́rà ni kò dáa.

Àǹtí_Fọ́tò_Ìgbọ̀nà
Bàbá ti sọ ọ́. Kí n tẹnu mọ́ ti lẹ́ńsì, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Nọ́ńbà f tó wà lára lẹ́ńsì ló ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń là tó. Bó bá ṣe kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe ń là sí i. Lẹ́ńsì 18-55mm tó máa ń bá bọ́dì wá jẹ́ f/3.5 ní 18, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi dé 55, ó ti di f/5.6. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8, èyí tí owó rẹ̀ kò ga, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìyẹn ni pé níbi tí 18-55 bá ti ń béèrè ISO 6400, èyí á ṣe é ní 640 tàbí 800. ISO dà bí ohùn rédíò tí a ń yí sókè: bó bá ti ga jù, ariwo á wọ inú rẹ̀, ojú ènìyàn á wá dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i.

Ẹ ṣọ́ra o. Tí ẹ bá fẹ́ fi 50mm ya ènìyàn láti orí gèlè dé bàtà lórí Canon crop, kí àyè díẹ̀ sì wà lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn bíi mítà 2 ní gíga, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 4 àbọ̀. Yàrá tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe sítúdíò ní ìgboro wa kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn yín á kan ògiri. Lẹ́ńsì 35mm á ṣe é ní mítà 3. Lórí full frame, 50mm yẹn kan náà kò ní béèrè ju mítà 3 lọ. Ẹ wọn yàrá yín kí ẹ tó ra lẹ́ńsì.

Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi IS ti Canon tàbí VR ti Nikon tàn yín. Ọwọ́ tiyín tó ń gbọ̀n ni wọ́n ń tọ́jú, wọn kì í dá oníjó dúró. Ìyàwó tó ń jó wọlé, ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn iwájú sẹ́ńsọ̀) tó ṣí fún 1/250 àáyá ló ń mú un. Ọwọ́ onílù lórí gángan, 1/500. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, 1/100 tó o.

D7200_ÒkèBáálẹ̀
Ẹni tó bá fẹ́ ra Nikon, ẹ fetí sí èyí dáadáa. D3000 títí dé D3500, àti gbogbo D5000 títí dé D5600, kò sí mọ́tò fókọ́ọ̀sì (èyí tó ń yí lẹ́ńsì kí àwòrán lè mọ́) nínú bọ́dì wọn. Lẹ́ńsì AF àti AF-D àtijọ́ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i. AF-S, tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ wá. D7000, D7100, D7200 àti D750 ní mọ́tò, wọ́n lè lo méjèèjì.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: 18-55 tuntun tí wọ́n kọ AF-P sí lára kì í ṣiṣẹ́ lórí D3100, D3200, D5100, D90 àti D7000. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í yí rárá, ẹ ò tiẹ̀ lè fi ọwọ́ yí i, torí iná kámẹ́rà ló ń yí i. Àìmọye ènìyàn ló ń rò pé lẹ́ńsì ti bàjẹ́.

Bàbá_Lẹ́ńsì
Ọ̀rọ̀ gidi. Ti Canon náà: lẹ́ńsì EF ń wọ gbogbo DSLR wọn, EF-S kì í wọ full frame. Tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ra 6D tàbí 5D tó jẹ́ full frame lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa ra EF láti ìsinsìnyí. Orúkọ náà tún ń da àwọn ènìyàn rú: 700D, Rebel T5i àti Kiss X7i, kámẹ́rà kan náà ni, ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á ló yàtọ̀. Ẹ má sanwó kún owó torí orúkọ. Èyí tó wá láti Japan ní ti Nikon, ẹ tan án kí ẹ wo èdè inú rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ èdè Japan nìkan ló gbọ́.

Ẹlẹ́rọ_ỌláÌyá
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àyẹ̀wò tòkunbọ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ mú mẹ́mórì tiyín dání, laptop, àti fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì. Ó máa gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ dá a padà fún un.

Lẹ́ńsì lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ yọ ọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú. Eruku wínníwínní kò ṣe nǹkan kan. Nǹkan funfun tó ta gbòǹgbò bí òwú aláǹtakùn lẹ ń wá: lẹ́ńsì ti bu nínú nìyẹn. Ó máa ń tàn kálẹ̀, tó bá sì ti jẹ ohun tí wọ́n fi pa dígí lára, fífọ̀ kì í dá a padà mọ́.

Ẹ dá lẹ́ńsì padà, ẹ ya fọ́tò kan nígbà tí ojú rẹ̀ là pátápátá, ẹ tún ya òmíràn ní f/11. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú lẹ́ńsì máa ń wà ní lílà títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì. Ìgbà tó bá fẹ́ dín ojú kù ni àìsàn rẹ̀ ń hàn. Bí Canon bá kọ Err 01 ní f/11, tí kò sì kọ ọ́ nígbà tí ojú là, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríbọ́ọ̀nù inú lẹ́ńsì ló ti ń já. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀, torí pé inú ilé tó ṣókùnkùn ló ti ń dán an wò, kámẹ́rà ò sì ní ìdí láti dín ojú kù níbẹ̀. Bó bá ń kọ ọ́ níbi gbogbo, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu àwọn irin aláwọ̀ wúrà tó wà láàárín lẹ́ńsì àti bọ́dì, kí ẹ tún un dán wò. Err 30 ní tirẹ̀, ìṣòro ṣọ́tà ni.

Ó kan sẹ́ńsọ̀. f/22, fókọ́ọ̀sì ní ọwọ́, ẹ yí i kúrò lójú ọ̀nà kí àwòrán dà rú, ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú sánmọ̀. Àmì dúdú tó bá ń jókòó sí ojú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, orí sẹ́ńsọ̀ ló wà. Èyí tí blower (rọ́bà tí à ń tẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́) bá gbé lọ, eruku ni. Èyí tí kò lọ lè jẹ́ òróró tàbí ibi tó ti ha, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá gbé ṣọ́tà sí 1/4000, ẹ jáde sínú oòrùn, ẹ ya bíi mẹ́wàá. Tí apá kan fọ́tò bá dúdú, tí apá kejì mọ́lẹ̀, ṣọ́tà ti rẹ̀. Iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ró, Nikon ń kọ ọ́ sínú fọ́tò: ẹ ya JPEG kan, ẹ gbé e sórí ojúlé tó ń kà á. Canon kì í sábà kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ní láti fi okùn USB so ó mọ́ laptop tó ní sọ́fítíwia rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣírò ṣọ́tà 70D àti 80D sí 100,000, ti D7200, D750 àti 5D Mark III sí 150,000. Kì í ṣe pé yóò kú lọ́jọ́ náà o. Ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òun lẹ ó fi ná an.

Ìkẹyìn ni fókọ́ọ̀sì. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ fi kámẹ́rà wò ó ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ fi ojú fókọ́ọ̀sì àárín mú ìlà kan pẹ̀lú ojú lẹ́ńsì tó là jù. Tó bá jẹ́ pé ìlà tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn ló mọ́ jù, fókọ́ọ̀sì ti yẹ̀. 70D, 80D, 6D, 5D Mark III àti ìran D7000 ní ibi tí ẹ ti lè tún un ṣe nínú menu. 700D àti D5600 ò ní.

Ẹ̀mí mi ò gbà kí n má sọ èyí: wíìlì kékeré kan wà létí ihò tí à ń yọjú wò. Ojú ẹni ni à ń fi í bá mu. Bí ohun tí ẹ ń rí bá ṣú, tí fọ́tò sì mọ́ nígbà tí ẹ yà á, wíìlì yẹn ni, kámẹ́rà kò ṣe nǹkan.

Fídíò_Alékúwodò
Oníyàwó á béèrè fídíò mọ́ fọ́tò, ẹ jẹ́ ká múra sílẹ̀. Ihò máìkì: 600D, 700D, 70D, 80D, 6D, D5300, D5600 ní i. 2000D, D3400 àti D3500 ò ní. 80D tún ní ihò tí ẹ lè fi earphone gbọ́ ohun tó ń wọlé, 70D ò ní. Fókọ́ọ̀sì Canon tó ń tẹ̀lé ènìyàn jẹ́jẹ́ nínú fídíò, tí wọ́n ń pè ní Dual Pixel, orí 70D ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013.

Iná ìjọba wa ń lọ ní 50Hz. Ẹ yí ètò fídíò kámẹ́rà sí PAL, àwòrán 25 ní àáyá kan, ṣọ́tà 1/50. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní NTSC, àwòrán 30 ní àáyá kan, ṣọ́tà 1/60, ìlà dúdú á máa rìn lójú àwòrán lábẹ́ iná gbọ̀ngàn. Tí wọ́n bá wá gbé jẹnẹrétọ̀ tí eré rẹ̀ kò dúró sójú kan, ìlà náà lè padà wá. Ẹ yí ṣọ́tà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ.

Ọ̀pọ̀ DSLR máa ń dá fídíò dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59. 5D Mark II tilẹ̀ ń dúró ní bíi ìṣẹ́jú 12, nígbà tí fáìlì bá pé 4GB. Tí pásítọ̀ bá ń wàásù, ẹ má lọ jẹun. Full HD lórí IPB (ọ̀nà kan tí Canon fi ń fún fídíò pọ̀) ń jẹ bíi 235MB ní ìṣẹ́jú kan, 64GB á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ayédèrú mẹ́mórì pọ̀ lọ́jà: ẹ fi sọ́fítíwia H2testw dán an wò lórí kọ̀ǹpútà Windows kó tó wọ kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n kọ 64 sí lára, tó jẹ́ 8 ni inú rẹ̀, á gba fọ́tò ìyàwó títí, ẹ ò sì ní rí i ṣí nígbà tí ẹ bá délé.

Àrẹ̀mú_ÒkèFìà
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Méjì ló wà lọ́wọ́ wa báyìí: Canon 2000D tuntun nínú páálí pẹ̀lú 18-55, àti 70D tòkunbọ̀, bọ́dì nìkan, ṣọ́tà rẹ̀ ti ró ní 61,000. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tuntun ń wù wá o.

Àǹtí_Fọ́tò_Ìgbọ̀nà
70D, tí ó bá yege nínú gbogbo ohun tí Ẹlẹ́rọ kọ sókè yẹn.

Ẹ wo ibi tí fíláàṣì ń jókòó sí lórí 2000D. Kò sí irin kékeré àárín. Irin yẹn ni fíláàṣì àti trigger (ohun tó ń tan fíláàṣì láti òkèèrè) olówó kékeré fi ń gba àṣẹ, nítorí náà wọn kì í tàn lórí 2000D. 4000D náà bẹ́ẹ̀, 250D náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ra kámẹ́rà tuntun tán, fíláàṣì tí gbogbo ènìyàn ń lò á wá di ẹrù lásán lọ́wọ́ yín. Ojú fókọ́ọ̀sì 2000D jẹ́ 9, ti àárín nìkan ló lágbára nínú òkùnkùn. Ti 70D jẹ́ 19, gbogbo wọn ló lágbára. 2000D ń ya 3 ní àáyá kan, 70D ń ya 7. Kò sí ihò máìkì lórí 2000D. Megapixel nìkan ni 2000D fi jù ú, 24 sí 20, Bàbá sì ti sọ ibi tí ìyẹn mọ.

Bàbá_Lẹ́ńsì
Mo fara mọ́ ọn. 70D àti 50mm f/1.8 STM, kí ẹ wá 18-55 tòkunbọ̀ fún fọ́tò ẹbí tó pọ̀. Bátìrì rẹ̀ ni LP-E6, òun náà ni 60D, 80D, 6D àti 5D láti Mark II ń lò. Nínú menu, ẹ ṣí Battery info: bí àmì mẹ́ta bá jẹ́ àwọ̀ ewé, bátìrì ṣì dáa; bó bá ku ẹyọ kan tó pọ́n, òmíràn lẹ ó rà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Ẹ ò tíì sọ ti igbó Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Olórìṣà nínú aṣọ funfun, awọ rẹ̀ dúdú, ewé ṣíṣókùnkùn kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kámẹ́rà á rí gbogbo ewé yẹn, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Aṣọ funfun á jó di nǹkan pẹlẹbẹ tí kò ní ìṣẹ́po kankan. Tí aṣọ funfun bá sì jẹ́ ohun tó kún inú fọ́tò, ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀: á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ènìyàn á wá di èédú.

Ẹ gbé kámẹ́rà sí M, kó jẹ́ ẹ̀yin ló ń yan gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní f/4, 1/250, ISO 800. Ẹ tan àmì tó ń ṣẹ́jú lórí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ẹ ya ọ̀kan, ẹ wò ó. Bí aṣọ bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín ISO kù títí yóò fi ṣíwọ́, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni kẹ́ ẹ yà, torí ojú tó ṣókùnkùn ṣeé fà sókè lórí kọ̀ǹpútà, aṣọ tó ti jó kì í padà. Tí ẹ bá fẹ́ fi fíláàṣì tan ojú díẹ̀, ẹ gbé e sí -1. Ṣọ́tà kò gbọdọ̀ ju 1/250 lọ lórí 70D, 1/200 lórí 700D, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìlà dúdú á bo apá kan fọ́tò. Ewé tún ń ta àwọ̀ rẹ̀ sí awọ ara: ẹ mú bébà funfun dání, ẹ yà á lábẹ́ igi níbẹ̀, ẹ fi ṣe Custom White Balance (ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe).

Àwọn ère ńlá tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣọ̀nà ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ síbẹ̀, 18mm ni kẹ́ ẹ fi yà wọ́n, àyè kì í sí láti sún sẹ́yìn. Alẹ́ tí wọ́n bá tan Iná Olójú Mẹ́rìndínlógún, ẹ pa fíláàṣì: f/1.8, 1/100, ISO 3200. Fíláàṣì á pa iná fìtílà náà lójú fọ́tò. Àwọn ojúbọ kan sì wà tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn yà; ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè.

D7200_ÒkèBáálẹ̀
Oṣù kẹjọ, òjò o. 70D kì í ṣe ẹni tí ẹ lè jẹ́ kó rẹ. Ọ̀rá ńlá, kí ẹ gé ihò fún iwájú lẹ́ńsì, rọ́bà fi so ó. Ó tó.

Ẹlẹ́rọ_ỌláÌyá
Tó bá délé, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó dì í. Báàgì aláwọ tí wọ́n ti pa fún oṣù mẹ́ta nígbà òjò ni lẹ́ńsì ti ń bu. Ike tó ní ìdérí tó mọ́ dáadáa, àpò silica gel mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má lo ìrẹsì, eruku rẹ̀ ń wọ inú lẹ́ńsì. Nígbà ọyẹ́, ẹ pa kámẹ́rà kí ẹ tó pààrọ̀ lẹ́ńsì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ẹnu bọ́dì sì dojú kọ ilẹ̀. Blower ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń gbẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀.

Àrẹ̀mú_ÒkèFìà
Ẹ kú àánú wa o. Ìbéèrè kan ló kù: ṣájà tó bá 70D yẹn wá, ti Amẹ́ríkà ni. Ṣé iná wa kò ní jó o?

Bàbá_Lẹ́ńsì
Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. LC-E6 tó jẹ́ ojúlówó, 100–240V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ ó ra adaptor fún. Èyí tí wọ́n bá kọ 120V nìkan sí, ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.